Ìran Tí Mo Rí Nígbà Tí Mo Dí Adéọlá Lọ́nà Ilé Ìwé Dókítà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Èmi ni Ìyá Adéọlá tí ń ta ike ní ìsọ̀ kẹta sí ẹnu ọ̀nà ọjà. Akọ̀wé ìjọ fẹ́ bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kí wọ́n lè kà á fún gbogbo yín, mo ní rárá. Bí òun bá kọ ọ́, yóò fọ̀ ọ́ mọ́ jù, ẹ ò sì ní mọ̀ pé èmi ni. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ojú tí mo fi rí ohun tí mo rí kò lọ sí ilé ìwé kankan, ó sì ríran dáadáa.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. A ṣe àdúrà ọ̀sán tán, àwọn yòókù ń lọ sílé, èmi dúró. Mo kúnlẹ̀ nídìí àga tó kẹ́yìn, mo ń bẹ Olúwa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa àdúrà náà. Mo ní, "Baba, o ṣe é fún Màmá Títílayọ̀. Ṣe é fún èmi náà, kí o sì fi díẹ̀ lé tèmi." Orí "fi díẹ̀ lé tèmi" yẹn ni oorun ti gbé mi lọ.

Ẹ mọ Màmá Títílayọ̀. Òun ló ń ta góòlù, tó máa ń jókòó ní ìlà kejì lápá ọ̀tún. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ wọ yunifásítì aládàáni tó wà lórí òkè, ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí a sọ tí kì í gba orí òkè kọjá. Bí a bá ní òjò rọ̀, á ní lọ́dọ̀ Títí òjò kì í wọ kíláàsì. Bí ẹnìkan bá wúkọ́ nígbà ìwàásù, á yíjú padà, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màá bá yín bi ọmọ mi dókítà." Ọmọ tí kò tíì lo ọdún kan níbẹ̀. Inú mi a máa ta mí bí ẹni gbé ata mì. Ìjowú ni, ẹ má bá mi wá orúkọ mìíràn fún un.

Lọ́dún yìí, Adéọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, rí àyè iṣẹ́ dókítà ní ibi méjì: lórí òkè yẹn, àti ní yunifásítì ìjọba tó wà ní ìlú kejì sí wa. Owó ọdún kan lórí òkè tó ìsọ̀ mi pẹ̀lú gbogbo ike tó wà nínú rẹ̀. Ti ìjọba, bí mo bá ń tajà tí n kò ra aṣọ tuntun, agbára mi ká a. Ṣùgbọ́n ògiri ibẹ̀ ti gbàgbé ọ̀dà, bí o bá sì dárúkọ rẹ̀ láàárín èrò, kò sí ẹni tí yóò yí ọrùn wò ọ́.

Adéọlá ti mú tirẹ̀. Ó jókòó tì mí nínú ìsọ̀, ó ní, "Màmi, ọdún kan ṣoṣo lẹ lè san lórí òkè. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí."

Mo ní, "Ọlọ́run á pèsè ti ọdún kejì."

"Bí kò bá wá pèsè ńkọ́? Dókítà ọdún kan ni n ó máa jẹ́?"

"Ṣé Títílayọ̀ lórí jù ọ́ lọ ni?"

"Màmi, èmi ò bá Títí du nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ń bá ìyá rẹ̀ dù ú."

Mo ní kó dìde kó lọ to bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ kì í ní èsì, iṣẹ́ ni wọ́n máa ń rán ẹni tó sọ ọ́.

Wàyí o, ohun tí mo ṣe nìyí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ààwẹ̀ wa, ẹ rántí pé mo jó wá síwájú pẹ̀lú ọrẹ ìdúpẹ́, mo ní Adéọlá ń lọ sí orí òkè. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Màmá Títílayọ̀ dì mọ́ mi, ó ní, "A ó jọ máa lọ sí ìpàdé àwọn òbí nìyẹn." Irọ́ ni. N kò tíì san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìwé tí yunifásítì ìjọba fi gba ọmọ náà wà lábẹ́ ibùsùn mi, èmi ni mo fi í pamọ́ fún un, ọjọ́ Ẹtì sì ni wọn yóò fi àyè náà fún ẹlòmíràn bí kò bá gbé ìwé yẹn wá. Mo ti rí ẹni tí yóò ra ìsọ̀ mi. Ọjọ́bọ̀ ni mo sì ń sùn yìí.

Mo rí ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Aṣọ rẹ̀ funfun tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ bi í pé ọṣẹ wo ló fi fọ̀ ọ́. Ó ní, "Dìde, obìnrin." Mo dìde. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ara mi lórí ìkúnlẹ̀, ẹnu là, itọ́ ń dà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n pa ẹnu yẹn dé kí ẹnìkan tó wọlé." Ó ti ń lọ níwájú. N kò mọ oyè rẹ̀, nítorí náà ọ̀gá ni mo ń pè é títí a fi pínyà.

Ọ̀nà tí a gbà ń sọ̀ kalẹ̀. Òórùn ike tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bí a ti dé ẹnu ọ̀nà, àwọn òpùrọ́ ni mo rí. Ahọ́n wọn wọ́ nílẹ̀ bí okùn ìfami, àwọn tí ń kọjá sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ òótọ́ kan, ahọ́n rẹ̀ á súnkì díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lè dákẹ́ síbẹ̀, á bu iyọ̀ díẹ̀ sí òótọ́ náà, ahọ́n á tún gùn jáde. Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní, "Irọ́ kéékèèké ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá." N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àwọn alágbèrè wà nínú gbọ̀ngàn kan tó kún fún ilẹ̀kùn. Iná ń lé wọn, wọ́n ń sá, gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n bá sì ṣí, ẹni tí wọ́n dà nílé ayé ló dúró níbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá ní, "Ta ni ò ń wá?"

"Mi ò wá ẹnì kankan o."

"Kò sí níbí."

Ẹ dárí jì mí, Màmá Títílayọ̀. Ó dùn mí díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ohun tí ó gba ẹ̀rín lẹ́nu mi. Ọkùnrin kan wọ kóòtù funfun ti dókítà, orúkọ ilé ìwé rẹ̀ wà ní àyà rẹ̀, wọ́n fi òwú wúrà ṣe é, ó ń dán. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú rẹ̀, èrò tò lọ títí ojú mi kò fi ká òpin wọn mọ́, aboyún, arúgbó, bàbá tó gbé ọmọ lé apá, gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà ní ohùn jẹ́jẹ́ pé dókítà ẹ jẹ́ ká wọlé, dókítà ẹ jẹ́ ká wọlé, òun náà sì fẹ́ kí wọ́n wọlé, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yí padà ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ọwọ́ ilẹ̀kùn pọ́n bí ẹ̀yín iná, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ó fà, ẹran bọ́, ẹran mìíràn hù, ó tún di ilẹ̀kùn mú, wọn kò bú u, wọn kò ṣépè, wọ́n kàn ń sọ pé dókítà ẹ jẹ́ ká wọlé.

Ọ̀gá ní, "Owó ni ó máa ń kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ojú aláìsàn. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí kú sí."

Mo ní, "Ilé ìwé wo ló lọ?"

Ó ní, "Èyí tó dára jù."

A bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Atẹ́gùn tutù dé, ara mi balẹ̀, mo gbọ́ orin láti òkèèrè. Mo rí àwọn olóòótọ́ nínú ìsinmi wọn: ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ru ẹrù jókòó, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ń jẹun, kò sì sí ẹni tó ń yára. Ilé wọn tò lẹ́bàá odò. Ọ̀kan tóbi nínú wọn.

"Ọ̀gá, ta ló nilé yìí?"

"Arábìnrin kan nínú ìjọ yín."

"Ẹ má sọ fún mi pé Màmá Títílayọ̀ ni."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Fèrèsé mélòó ni tèmi ní?"

Ó dúró, ó wò mí. Ó ní, "Kò sí ẹni tí ń ka fèrèsé níbí." Mo ti ka méjìlá kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo jowú ní ọ̀run.

Nígbà náà ni ẹnìkan pe oríkì mi, "Àṣàkẹ́." Bàbá Adéọlá ni. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, bíríkìlà ni, inú rírun ló pa á nígbà tí ọmọ wa wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn mìíràn. Sìmẹ́ǹtì kò sí ní èékánná rẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Bàbá Adéọlá, ara yín ti yá."

"Ó ti yá. Ìwọ lo sanra yìí."

Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o rántí dókítà kékeré tó tọ́jú mi ní ọsibítù ìjọba?"

"Mo rántí rẹ̀."

"Ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn kí wọ́n lè gbóná, kó tó fi wọ́n kàn mí níkùn. Òtútù ń mú mi nígbà náà. Mo máa ń retí ọwọ́ yẹn láti àárọ̀."

"Ilé ìwé wo ló lọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. "Mi ò bi í. Adéọlá dúró níbi ẹsẹ̀ mi, ó ń wo ọwọ́ dókítà náà. Ọjọ́ yẹn ló ní òun máa ṣe irú rẹ̀. Ṣé ó ti wọlé?"

Ahọ́n mi kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ó ti wọlé o. Ti orí òkè, ibi tí ọmọ Màmá Títílayọ̀ wà."

Bàbá Adéọlá dìde láti dúpẹ́. Ó na ọwọ́ sókè, ó la ẹnu, orin kò jáde. Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi yíjú sí mi. Inú kò bí wọn. Wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni tó sọ èdè tí wọn kò gbọ́ rí. Ni ilẹ̀ bá là lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mo já bọ́, mo ń lọ, n kò rí ibi dìmú, ooru tún dé, òórùn ike tún dé, mo balẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan ga tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń wò ó, gèlè rẹ̀ á bọ́, èkejì kúrú, pákó lásán ni, ó ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọ ń sáré lọ síbẹ̀, àwọn ìyá wọn sì dì wọ́n láṣọ mú láti ẹ̀yìn nítorí ojú àwọn ìyá kò kúrò lára èyí tó ga, iná ń jó ọwọ́ àwọn ìyá náà dé ìgúnpá, egungun ti yọ, wọn kò tú u, ilẹ̀kùn pákó sì ń tì díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó ń tì í. Mo rí ọ̀kan tó sanra nínú wọn, mo ní irú ìyá burúkú wo nìyí, mo sún mọ́ ọn láti bú u, mo rí i pé ìró mi ló wà nídìí rẹ̀. Kí n tó mí, èmi ni mo dúró níbẹ̀, ọwọ́ mi ló ń jó, aṣọ Adéọlá ló sì wà nínú rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Màmi, wọ́n ń tì í."

Mo ké sí ọ̀gá, "Ẹ bá mi tú ọwọ́ mi."

"Ọwọ́ rẹ ni."

"Màmá Títílayọ̀ á fi mí rẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

Mo dúró kí ó fi ọ̀rọ̀ ìtùnú kún un. Kò fi nǹkan kan kún un. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìka tó kéré jù, mo ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin ará, ìbímọ kò ro mí tó bẹ́ẹ̀. Bí ìka tó kẹ́yìn ti ṣí, mo jí.

N kò tilẹ̀ ṣe àmín. Mo sáré délé, mo fa ìwé náà yọ, mo gbé e lọ bá Adéọlá nínú ìsọ̀. Ó wò ó, ó ní, "Màmi, níbo lẹ ti rí i?"

Mo ní, "Abẹ́ ibùsùn mi. Èmi ni mo fi í pamọ́."

Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó na ìwé náà pẹ̀lú ọwọ́ lórí itan rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú, kò wo ojú mi. Iná tí mo ti ibẹ̀ bọ̀ kò jó mi tó bí ó ti ń na ìwé yẹn. Ó gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó di ọ̀sán, ó pè mí pé wọ́n ti gba ìwé náà, pé wọ́n ń ti ọ́fíìsì bí òun ti ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n sì ní kí olúkúlùkù wọn gbé àga tirẹ̀ wá. Èyí tó le jù nínú ìsọ̀ mi ni mo fún un, ìsọ̀ tí n kò tà mọ́.

Nítorí náà, irọ́ ni mo pa níwájú pẹpẹ, ẹ dárí jì mí. Ọmọ mi wà ní yunifásítì ìjọba. Ìjowú mi kò sì tíì kú, ẹ má tan ara yín jẹ. Bí mo ti ń kọ èyí, mo mọ irú bàtà tí Màmá Títílayọ̀ wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Màmá Títílayọ̀, bí wọ́n bá ka èyí dé ibí, ẹ rẹ́rìn-ín yín kó tẹ́ yín lọ́rùn, wọ́n ti sọ fún mi kí n máa retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá yòókù tí ẹ ń bá a rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín. Bí aṣọ ọmọ kan bá wà nínú rẹ̀, ẹ tú u lónìí. Mo ti rí ilẹ̀kùn náà. Kì í dúró de ẹni tó ń wo ti ẹlòmíràn.