Omi Láfún tí Mo Ń Dà Sídìí Irin Fọlákẹ́

Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa, tí ìrẹsì wọ́n bí ojú ní Ìmàṣàyí wa níbí, ọdún náà ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó ti wúwo jù fún mi. N kò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi, Rọ́fíà, ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Èmi ni ìyálé. Ìyàwó tí ọkọ wa fẹ́ lé mi ló bí Fọlákẹ́. Ọmọ náà kàwé títí, ó wá ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní sátẹ́láìtì kan wà lókè tó ń ya àwòrán ilẹ̀, òun ló ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń ka àwòrán náà, kí wọ́n lè mọ oko tí ọ̀dá fẹ́ mú, kí wọ́n tètè kìlọ̀ fún àgbẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni òwò ọmọ mi, Múfú, kú. Ìrẹsì ló máa ń fi ọ̀kadà gbé wá láti òdìkejì bọ́dà. Ó wá jókòó sílé, ó ń wo òrùlé. Ìgbà yẹn gan-an ni Fọlákẹ́ gbé mọ́tò wọlé.

Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ ká sinmi. "Ìyálé mi, ẹ ró aṣọ yín dáadáa o! Ọmọ mi ń wò yín látòkè." Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń ta mí nínú bí ata.

Fọlákẹ́ ri irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́lẹ̀ létí oko ẹ̀yìnkùlé mi. Ó ní, "Màmá, ojú òkè lè ṣìnà. Irin yìí ló máa sọ bí ilẹ̀ ṣe tutù sí, òun la ó fi mọ̀ bóyá òótọ́ la rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ ọ, kí ewúrẹ́ má fara kàn án." Kò fún ìyá rẹ̀ ṣọ́. Èmi ló fún.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ilẹ̀ sán. Ní àràárọ̀, tí mo bá ti kó ẹ̀gẹ́ láfún kúrò nínú omi, màá gbé omi náà lọ dà sídìí irin yẹn. Mo fẹ́ kó purọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ níbi iṣẹ́ pé ọmọ ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan.

Ó wálé nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Kó tó dé, mo ti fa koríko tútù tó hù yí irin náà ká tu. Ọmọ náà ti rù. Ó ní ojú òkè ń sọ pé ilẹ̀ gbẹ, irin ń sọ pé ó rin gbindin. "Màmá, ṣé òjò ń rọ̀ níbí ni?"

Mo ní, "Ó máa ń wọ́n díẹ̀díẹ̀."

Ó gbà mí gbọ́. Ó ní á jẹ́ pé ohun tí òun kọ ni kò dáa. Ó lọ tú u palẹ̀, ó tún un kọ, kò bára mu. Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Kọ̀ǹpútà báńkì ló ń tọ́jú báyìí. Irọ́ ni màá pa tí mo bá ní n kò yọ̀ nígbà náà.

Láìpẹ́ yìí, Rọ́fíà ní irú iṣẹ́ yẹn lòun fẹ́ kọ́. Ó pe Fọlákẹ́ lórí fóònù níwájú mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Màá rán ẹ nílé ìwé, àmọ́ má bi mí ní ti sátẹ́láìtì. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ó ti dójú tì mí." Ìyẹn ni mo ṣe ní kí Rọ́fíà mú bírò wá. Rọ́fíà ń sunkún bó ṣe ń kọ èyí. Mo ní kó máa kọ lọ.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ṣé níwájú ìyá Fọlákẹ́ ni kí n ti sọ ọ́, àbí kí n fà á sí kọ̀rọ̀? Ìyá rẹ̀ á fi mí kọrin, mo mọ̀.

Mo ti pe àwọn ọmọ mi jọ. Múfú ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó kú síbẹ̀. Ó ṣáà ń rí owó báńkì jẹ."

Mo ní, "Múfú, kì í ṣe owó. Ọmọ yẹn gbà pé olódo lòun, èmi ni mo fi omi láfún sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Tó bá wálé ní Iléyá, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn jókòó dí ẹnu ọ̀nà, kí n má baà rí ibi sá gbà kí n tó sọ ọ́ tán."