Ẹja Tí Mi Ò Wọ̀n Mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pariwo ògo! Ẹ jẹ́ kó dún dé Ìyànà-Ìpájà! Ògo! Ẹ jẹ́ n tún un gbọ́, torí àwọn kan wà lẹ́yìn yẹn tí wọn ò tíì lanu. Ògo ni fún Ọlọ́run tó dá ẹnu, tó dá ikùn, tó tún dá ọgbọ́n tí a ó fi máa lo méjèèjì!

Pásítọ̀ ti ní kí n má pẹ́. Ẹ má bínú sà, mo máa pẹ́ díẹ̀. Ohun tó gba oorun lójú mi kò ṣe é sọ ní gbólóhùn kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ àlejò, Bàbá Tinúkẹ́ ni mí. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn alumíníọ̀mù ni mò ń ṣe ní Ìkọ̀tún. Àwọn fèrèsé ilé ìjọsìn yìí, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ẹ wò wọ́n. Ṣé òjò ti gba ibẹ̀ wọlé rí? Èmi kì í fojú wọn iṣẹ́. Téèpù mi kì í kúrò lára bẹ́líìtì mi. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí mo bá fẹ́ gbàdúrà, màá kọ́kọ́ wọn ibi tí mo fẹ́ kúnlẹ̀ sí. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, mi ò ní tọrọ àforíjì.

Ẹ mọ bí mo ṣe tóbi tó nígbà kan. Ikùn mi ló máa ń ṣáájú mi wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ń pè mí ní Alhaji Ìrọ̀rùn, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí òùngbẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí. Mo ń mu omi, mo ń tọ̀, mo tún ń mu omi. Nígbà tí ojú mi ń ṣe bàìbàì débi pé mi ò rí nọ́ńbà ara téèpù mọ́, mo gbà láti lọ sí ilé ìwòsàn kan lápá Ìgàndo.

Dókítà tó rí mi, obìnrin ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní, "Bàbá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti gòkè. Ẹ̀jẹ̀ yín náà ń ru. Màá fún yín ní oògùn, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa lò ó, ṣùgbọ́n oògùn nìkan ò ní ṣe é. Ara yín gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá fi sẹ́nu, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí èmi àti ẹ̀yin lè mọ ibi tó ń gbà wọlé."

Ṣúgà! Ṣúgà yìí kan náà ló mú bàbá mi. Wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn kan, wọn ò sì pẹ́ lẹ́yìn náà. Tinúkẹ́ ò bá wọn láyé. Àwòrán ara ògiri ló mọ̀, níbi tí wọ́n ti jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, tí wọ́n da aṣọ bo itan, àti ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu wa.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ bí a ṣe rí Tinúkẹ́. Ẹ bá wa gbààwẹ̀ rẹ̀. Ewú ti kún orí mi kí ọmọ yẹn tó dé. Títì tó wà níwájú ilé ìwé rẹ̀, èmi ni mo máa ń mú un sọdá. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ìyá rẹ̀ pàápàá, ẹ jẹ́ kó máa wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo wá ń rò ó pé, bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ tèmi náà ńkọ́? Ta ni yóò mú un sọdá? Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe torí kí n lè rẹwà nínú aṣọ.

Mo bá sọ fún Sàtánì pé, "O ti ṣìnà. Ohun tí mo bá máa kọ, mo gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Wíwọ̀n lo gbé wá bá mi? Iṣẹ́ mi nìyẹn!" Mo ra òṣùwọ̀n kékeré kan, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà. Mo gba áàpù kan tó ń ṣírò oúnjẹ sórí fóònù. Ẹ gbà mí! Áàpù yẹn mọ oúnjẹ òyìnbó tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò jẹ rí, ṣùgbọ́n kò mọ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ìyàwó mi. Mo wá ń wọn epo lọ́tọ̀, ẹ̀gúsí lọ́tọ̀, irú lọ́tọ̀.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tinú, iyọ̀ ńkọ́? Ṣé kí n kà á fún yín ní hóró-hóró?"

Bó bá tẹ ẹ̀bà tán, màá gbé e sórí òṣùwọ̀n. Màá já díẹ̀ kúrò. Màá tún lẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Títí nọ́ńbà yóò fi dúró síbi tí mo fẹ́, ẹ̀bà ti gan.

Ẹ wá gbọ́ o. Nílé tiwa, bàbá kì í jẹun kó mọ́ àwo. Bàbá mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá jẹun, wọ́n á fi ẹja tàbí ẹran díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ìwọ, wá palẹ̀ mọ́." Wọn ò fi ẹnu sọ ọ́ fún mi rí pé àwọn fẹ́ràn mi. Àjẹkù yẹn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Èmi náà ń ṣe é fún Tinúkẹ́. Ó máa jókòó tì mí, ó máa ṣe bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára orí ẹja.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọn ẹja kí n tó jẹun, ṣé ẹ rí i pé mo gbọ́dọ̀ yọ èyí tí mo fi sílẹ̀ kúrò nínú ìṣirò? Àbí irọ́ ni mò ń pa? Mo bá ń gbé àjẹkù padà sórí òṣùwọ̀n kí n tó fún ọmọ.

Brọ́dà Gbénga wà níbẹ̀ yẹn, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn. A lọ ṣe ìpàdé àdúrà nílé wọn ní Òkè-Odò, ìyàwó wọn gbé ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín wá. Mo ní mi ò jẹ.

Ìyàwó wọn ní, "Ẹ ń gbààwẹ̀ ni?"

Mo ní, "Rárá. Òṣùwọ̀n mi ò sí níbí."

Brọ́dà Gbénga dìde dúró. "Ẹ gbà mí o! Ẹ jẹ́ ká gbé Bàbá Òṣùwọ̀n lọ sọ́jà Ìkọ̀tún, kí wọ́n lọ bá wa tún ìrẹsì wọ̀n. Àwọn ọlọ́jà yẹn ń rẹ́ wa jẹ!" Gbogbo ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Wọ́n tún kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìgbàgbọ́ yín dà, Bàbá Tinú? Ẹ gbàdúrà sí i, kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, ó parí!"

Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi títí dé ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn ò sì dùn mí tó ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò mọ̀. Bí mo bá wà níbi iṣẹ́, ká ní lápá ibùdókọ̀ Pleasure, tí ebi dé, tí mi ò lè wọn nǹkan kan, màá ní, "Ọjọ́ òní ti bàjẹ́ ná. Ó di ọ̀la." Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, odindi búrẹ́dì kan pẹ̀lú ẹ̀wà ni. Mi ò sì ní kọ ìyẹn sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ kọ? Ṣebí ọjọ́ ti bàjẹ́!

Ara mi ò fúyẹ́. Ṣúgà ò sọ̀ kalẹ̀. Inú sì ń bí mi sí gbogbo èèyàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jẹun tán, mo fi orí ẹja sílẹ̀, mo dìde lọ gbé òṣùwọ̀n. Kí n tó yíjú padà, Tinúkẹ́ ti mú un, ó fẹ́ fi sẹ́nu. Mo pariwo mọ́ ọn, "Dúró! Mi ò tíì wọ̀n ọ́n!" Mo gba ẹja lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mo wo nọ́ńbà. Mo wá dá a padà fún un. Ọmọ náà wo ẹja, ó wò mí, ó nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Dádì. Mi ò jẹ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi pè mí láti ilé ìdáná. "Bàbá Tinú, ẹ wá wo nǹkan tí ẹ gbé wọ ilé yìí."

Mo débẹ̀. Tinúkẹ́ ti gun àpótí, ó gbé àwo ìrẹsì tirẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó ń fi ṣíbí bù ú kúrò.

Mo ní, "Tinú, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń dín in kù ni, Dádì. Ibo ló gbọ́dọ̀ dúró sí, kí wọ́n má bàa gé ẹsẹ̀ mi bíi ti bàbá àgbà?"

Jésù!

Ẹ̀yin ará! Ọmọ tí mo ní mi ò fẹ́ kí ewu kàn án, inú ilé mi, lórí òṣùwọ̀n tí mo fi owó mi rà, ni ẹ̀rù ti wọ inú rẹ̀. Ìyàwó mi ò pariwo. Ó ní, "Ẹ gbé e kúrò níbí, kí ẹ padà lọ bá dókítà yẹn. Bí ẹ ò bá gbé e, inú gọ́tà ni màá jù ú sí."

Tìbínú-tìbínú ni mo fi dé Ìgàndo. Mo ní, "Dókítà, ẹ ní kí n kọ ọ́, mo kọ ọ́. Ẹ wò ó! Ẹ mú ẹni tó kọ ọ́ jù mí lọ wá!"

Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n ń fi ìka fà á lọ sókè, sí ìsàlẹ̀. "Bàbá, àwọn ọjọ́ tí ẹ kọ yìí, kò sí àléébù níbẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó ṣófo láàárín wọn ńkọ́? Kí lẹ jẹ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn?"

Mo ní, "Búrẹ́dì."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Dókítà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ mi, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé bí ihò ara ògiri ṣe fẹ̀ gan-an lẹ ṣe máa ń gé férémù?"

"Ha! Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Kò ní wọlé! Ògiri wo ló gún? Òkè lè fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. A máa ń gé férémù kó kéré sí ihò díẹ̀ ni, a ó wá fi sílíkónì dí àyè tó bá kù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ẹni tí kò bá fi àyè sílẹ̀ máa fọ́ ògiri oníògiri."

Dókítà gbé fóònù mi sílẹ̀. "Bàbá, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ògiri. Ara yín ńkọ́? Ẹ ti fẹ́ fọ́ ọ."

Ẹ bá mi pariwo ògo lẹ́ẹ̀kan sí i! Ibẹ̀ ni ojú mi ti là!

Wọ́n ní kí n na ọwọ́ mi síta. "Èyí, ẹ ò lè gbàgbé rẹ̀ sílé. Ẹ̀bà, kó má ju ìkúùkù yín lọ. Ẹja, bí àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ̀fọ́, ẹ bù ú kó kún ọwọ́ méjèèjì. Ẹ ya àwòrán àwo yín kẹ́ ẹ tó jẹun. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ sọ ohun tí ẹ bá rántí sínú fóònù, kẹ́ ẹ máa lọ. Ọjọ́ kì í bàjẹ́. Ọjọ́ búrẹ́dì gan-an ni kẹ́ ẹ máà fò. Èmi fẹ́ rí búrẹ́dì yẹn ju ẹ̀bà tí ẹ wọ̀n lọ."

Mo ní, "Àjẹkù ọmọ mi ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?"

Wọ́n ní, "Ọmọ yín ló ni ín. Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

Ẹ̀yin ará, ó le fún mi. Ẹni tó ń wọn nǹkan dé mílímítà, tí wọ́n ní kó máa fojú bù ú! Ọwọ́ mi ń yún mi. Ṣùgbọ́n mo takú. Mo jẹ búrẹ́dì ní Pleasure, mo ya àwòrán rẹ̀, ojú tì mí, mo sì padà sórí ìkúùkù mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Mi ò dúró de ọ̀la. Mo lọ sílé Brọ́dà Gbénga, mo na ìkúùkù mi síwájú ìrẹsì ìyàwó wọn, mo jẹ ẹ́, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mi ò nígbàgbọ́, mò ń ṣọ́ oúnjẹ mi títí di òní, mi ò sì ní dẹ́kun. Òṣùwọ̀n tó fẹ́ di ọ̀gá mi náà, mo ti yọ ọ́ nípò! Ìyàwó mi ló fi ń wọn fúláwà tó fi ń dín ṣin-ṣín báyìí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an wá ṣe láyé nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Wọ́n tún un yẹ̀ wò. Wọ́n ní, "Bàbá, ṣúgà yín ti sọ̀ kalẹ̀ síbi tó yẹ kó wà. Ẹ̀jẹ̀ yín náà ti rọlẹ̀. Ẹ máa bá a lọ, ẹ má sì fi oògùn sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀." Ògo! Ẹ wo bẹ́líìtì mi! Èmi ni mo fi ìṣó lu ihò tuntun sí i!

Mo gbọ́ ẹni tó ń bèèrè pé kílò mélòó. Mi ò ní sọ! Ó wà lọ́wọ́ Dókítà. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni kẹ́ ẹ kà.

Ẹ̀yin tí dókítà ti bá sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ ti ń sá fún un, ẹ padà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, tí ọjọ́ kan yẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tẹ́ ẹ sì ti sọ ìrètí nù, ta ló sọ fún yín pé ó ti bàjẹ́? Ẹ fi àyè sílẹ̀. Ẹ ní sílíkónì!

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó kù, kí n jókòó. Ó pẹ́ kí Tinúkẹ́ tó gbà mí gbọ́. Màá fi ẹja sílẹ̀, yóò kọ́kọ́ wojú mi. "Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n?" Màá ní, "Mi ò wọ̀n ọ́n. Jẹ ẹ́." Yóò rọra jẹ ẹ́, bí ẹni tó ń jí i jẹ.

Lánàá, mi ò tíì jẹun dé ìdajì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bu òkèlè ni, ọwọ́ kékeré kan bọ́ sínú àwo mi, kò tọrọ, kò wojú ẹnikẹ́ni, ó gbé odindi orí ẹja! Èyí tí mo fẹ́ jẹ fúnra mi! Mo ní, "Olè!" Ó ti sá dé ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tinú, báwo ni ẹ ṣe máa ṣírò ìyẹn?"

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ bí ẹja yẹn ṣe wúwo tó. Mi ò mọ̀ ọ́n! Mi ò sì ní mọ̀ ọ́n láé! Ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa!