Féṣuádà Tí Ìyá Ọkọ Mi Sè fún Ẹni Tó Wá Wo Ìṣẹ́ Wa

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tí kò ṣeé gbé mì, tí kò sì ṣeé tu dànù. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Kútọnu yóò sọ fún yín pé ẹnu mi kì í gba omi gbígbóná dúró. Mo ti fi àlùfáà rẹ́rìn-ín, mo ti fi ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, mo fi ọkọ mi pàápàá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, nítorí pé bàtà tó wọ̀ ń ké bí ọmọ ẹyẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ọsibítù dé, gbogbo ìgbà tó bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí, tó ní, "Ìyá Antóníà, àwọn ẹbí mi mà ṣe é o," ńṣe ni mo máa ń sáré wọ ilé ìdáná lọ bí ẹni tí ọbẹ̀ ń jóná mọ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ìkòkò kankan lórí iná.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni mí, bàtà òkìrìkà ni mò ń tà. Ìfẹ́ ló gbé mi wọ ìdílé Agudà, àwọn tí baba ńlá wọn ti Bùràsíl padà wá. Ta ni ń jẹ́ Agudà? Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí yóò sì wá abọ́ tó dára jù nílé lọ gbé síbi tí omi ti ń kán, kí omi má baà rí wọn fín. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yàyá, ni olórí wọn. Obìnrin àgbà ni, ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, kò sì sí ọjọ́ tí kì í wọ ìbọ̀sẹ̀ àti ẹ̀gbà ọrùn, ì báà jẹ́ gààrí ló fẹ́ fi omi rẹ. Kò sọ ọ́ rí pé òun fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bí Antóníà, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ aṣọ mi, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń bú mi. Èmi náà mọ ohun tí èébú yẹn jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ọkọ mi gun sẹ́míjàn, ọ̀kadà ìlú wa, ó ń lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Fidjrossè. Mọ́tò gbá wọn. Ọlọ́kadà dìde, ó gbọn yanrìn dànù lára. Egungun itan ọkọ mi ti dá. Ní ọsibítù ìjọba, dókítà ní àfi kí àwọn la ẹran ara kí àwọn fi irin de egungun náà nínú, pé bí a bá fi falẹ̀, yóò jinná ní wíwọ́, ọkùnrin náà yóò sì máa tiro títí ayé. Ẹ sì mọ bó ti máa ń rí: ọsibítù ní dókítà, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n irin, oògùn àti báńdéèjì, ẹbí ni yóò rà á wá. Ilé-iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ń ṣe akọ̀wé ti kógbá sílé. Owó ọjà mi ti bá àwòrán egungun lọ. Mo wọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, olówó ìdílé, mo kúnlẹ̀. Ó gbàdúrà fún wa. Àdúrà náà gùn, ó dùn, ó fi Látìn díẹ̀ há a. Bó ti ṣe àmín tán, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọkọ mi ló là mí lójú. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ kò mọ̀ pé owó àánú wà níhìn-ín ni?" Ó ṣàlàyé pé àwọn oníṣòwò, àwọn ìyá ìjọ àti àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ni wọ́n ń dá a jọ. Òun ni wọ́n fi ń ra irin àti oògùn fún aláìsàn tí kò ní. Òun náà ni wọ́n fi kọ́ yàrá tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń na ẹ̀yìn, wọ́n gbé ibùsùn àti fáànù sí i.

Mo ní, "Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ń gún wa lábẹ́rẹ́ náà ń jẹ nínú àánú?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, bí n kò bá rí ibi sùn, ibi tí ọwọ́ mi bá bà ni n ó gún ọkọ yín."

Mo yáa gbàdúrà fún fáànù náà.

Ṣùgbọ́n owó àánú kì í ṣàdédé jáde. Wọ́n máa ń rán ẹnìkan wá sílé, kó fojú ara rẹ̀ rí i pé lóòótọ́ ni ẹni náà kò ní. Ó sì dára bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá wò, àwọn tó ní mọ́tò ni yóò kọ́kọ́ tò síwájú. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Yàyá kí n tó gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi. Ó gbọ́, ó mi orí, ó yé e yékéyéké. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́ nìṣẹ́, àlejò làlejò! Nígbà tí èmi àti ọmọbìnrin tí wọ́n rán dé láti ọsibítù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sẹ́yìn, mo rò pé mo ṣi ilé. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì. Àwo olódòdó aládùúgbò wa wà lórí aṣọ funfun. Féṣuádà wà nínú àwo, ẹ̀wà dúdú tó ń dán, tí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ àti sọ́séèjì kún inú rẹ̀, nítorí ojúlé kọ̀ọ̀kan ládùúgbò ló mú ẹran díẹ̀díẹ̀ wá kí ojú má baà ti Yàyá. Òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú léèsì, ẹ̀gbà ọrùn ń kọ mànà, ó ń kí àlejò lédè Faransé bí ìyàwó gómìnà.

Ọmọ náà jókòó. Ó jẹun. Ó tún bù. Ó wá rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó ní, "Màmá, ṣé ó máa ń ṣòro fún yín láti rí oúnjẹ òòjọ́?"

Yàyá ní, "Ọmọ mi, ìdílé wa kò mọ ebi. Bù sí i."

Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Yàyá yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, ẹsẹ̀ mi lò ń tẹ̀."

Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní rẹ́rìn-ín? Èmi náà rẹ́rìn-ín, títí èsì fi dé. Nọ́ọ̀sì kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní nǹkan rọ̀ ṣọ̀mù fún yín, pé kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún aláìní." Ọkọ mi sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ó ń bi mí pé ìgbà wo ni wọn yóò ṣe ẹsẹ̀ òun. Mo délé, mo sọ ọ́ fún Yàyá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i tó jáde síta láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí mọ́tò gbá ọkọ mi lọ.

Èmi rẹ̀ gba ọsibítù lọ, a dé iwájú ọmọbìnrin tó wá wò wá. Yàyá kò jókòó. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, ó fi lé orí tábìlì. "Gbé e wò. Bàbà ni. Ojúlówó rẹ̀, mo ti tà á sin bàbá ọmọ mi. Àwo tí o fi jẹun, ti aládùúgbò ni. Ẹran, ti àdúgbò ni. Ẹ̀wà nìkan ni tiwa. A kò ní, ọmọ mi. Bùn mi ní ẹsẹ̀ ọmọ mi."

Ọmọ náà ti dìde lórí àga. "Yàyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ojú rẹ ni mo wò, mo rí i pé o kò tíì jẹun láti àárọ̀."

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òótọ́ ni, pé láti ilé kan sí òmíràn ni òun ń rìn lójoojúmọ́, òun kì í sì í ráyè jẹun. Ó kọ ọ̀rọ̀ wa lákọ̀tun. Wọ́n ra irin. Wọ́n ṣe ẹsẹ̀ náà, ó sì bọ́ sí i, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Yàyá gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní kí n di ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà òun mú kí n búra pé ọmọ òun kò ní gbọ́ láé pé òun ṣagbe. "Sọ fún un pé ẹbí ló dá owó náà." Mo búra. Bí ẹ bá rí ọrùn òfìfo yẹn, ẹ̀yin náà yóò búra.

Ọkùnrin mi wá ń rìn báyìí, pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹ sì mọ ìwà wa: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà ló rí. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀wù kóòtù rẹ̀, ó ti ra ọtí, ó ní ní Sátidé òun ń lọ sí Àjàṣẹ́ láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá òun, pé olówó ìdílé ni yóò ti dá èyí tó pọ̀ jù. Pẹ̀lú itan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná! Mo mọ ọkùnrin náà: yóò gba ọpẹ́, yóò gba ọtí, yóò tún fi Látìn lé e. Àwọn tí ọpẹ́ tọ́ sí ńkọ́? Àwọn tó ń dá owó tí a kò mọ orúkọ wọn, nọ́ọ̀sì onífáànù, ọmọ tó jẹ ẹ̀wà wa tó kúnlẹ̀? Ta ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn? Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo já ìbúra, mo sì bọ́ ìyá ọkọ mi síhòòhò lójú ọmọ rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ẹsẹ̀ tí àánú tò, ṣé irọ́ ni yóò kọ́kọ́ rìn lọ kí?

Láàárọ̀ yìí, Yàyá ń ṣa ìrẹsì, kò gbójú sókè. Ó ní, "Bó bá ń lọ, n ó bá a lọ. N ó dì í mú nígbà tó bá fẹ́ dìde nílẹ̀."

Ẹ̀yin tí orí yín pé, ẹ dá mi lóhùn. Ọjọ́bọ̀ lòní o.