Fèrè Tí Mo Fọn ní Àbàtà Ìbàfò

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti fi ẹ̀ṣẹ̀ mi lé ẹlòmíràn lórí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni náà wá bá mi nílé.

Wolé-wolé ni mí ní Ifọ̀. Mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ yẹ ìkòkò omi àti ṣáláńgá wò ní Mòwé àti Ìbàfò. Kí n má purọ́ fún yín, mo kẹ́gàn àwọn èèyàn ibẹ̀. Wọn ò mọ̀wé, ẹsẹ̀ wọn kún fún ẹrẹ̀. Bí wọ́n bá ń kí mi, n kì í wo ojú wọn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo bá Ìbàfò nínú ìdààmú. Ìyá Ràfátù, arúgbó tó ń já ewé tà, ti wọ àbàtà láti àná, kò sì tíì bọ̀. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin fẹ́ ya wọnú rẹ̀, kí wọ́n máa pariwo. Sùnmọ́nù, ọmọ ìlú náà tó ń la pákó, ló dá wọn dúró.

"Bí gbogbo wa bá ń pariwo pọ̀, a ò ní mọ ohùn tiwa yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pín sí igun mẹ́rin. Kí ohun tí kálukú máa fi pè é má jọra. Bí ẹnì kan bá ṣe tirẹ̀, kí gbogbo wa dákẹ́. Ìyá ní agolo lọ́wọ́, á lù ú fi dá wa lóhùn. Igun tí agolo rẹ̀ bá ti dún jù la ó gbà lọ."

Òun á lu irin ayùn, ẹnì kan á fọn ìwo, ẹnì kan á lu ọkọ́. Ó wá rí fèrè iṣẹ́ tó wà lọ́rùn mi, ó kọjú sí mi: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọn fèrè yín lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn tiwa."

Mo rẹ́rìn-ín. Lagilagi ń kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè! Mo dé igun mi, mo fọn ọ́n bó ṣe wù mí. Irin dún, mo fọn. Ìwo dún, mo fọn.

Ìgbà tó rẹ̀ mí lẹ́nu ni mo tó gbọ́ kò-kò-kò, tẹ́ẹ́rẹ́, lápá ọ̀tún mi. Mo mọ̀ pé agolo ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á mọ̀ pé fèrè mi ló ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìtìjú ni. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní apá ọ̀dọ̀ Sùnmọ́nù ni mo ti gbọ́ nǹkan. Wọ́n wá ibẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí Ìyá Ràfátù nínú kòtò kan nítòsí igun mi, itan rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú. "Fèrè yín ni mo ń gbọ́ tí ọkàn mi ò fi kú. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere." Ó kú lọ́jọ́ kẹta.

Níwájú Baálẹ̀, mo ní irin Sùnmọ́nù ló da etí wa rú, òun la rò pé agolo ni. Wọ́n gbà mí gbọ́ nítorí aṣọ kákí ọrùn mi. Àwọn òpònú! Ẹnì kan ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọ́n lé e. Ó gbé ayùn rẹ̀, ó forí lé Ìbògùn.

Ẹ̀gàn tí mo ń fi wò wọ́n ti yí sórí èmi fúnra mi. Wọ́n kàn gba irọ́ gbọ́ ni; èmi ni mo pa á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sùnmọ́nù dọ̀bálẹ̀ fún mi. Fún èmi! "Ọ̀gá, ìyá mi ti darúgbó ní Ìbàfò, mo fẹ́ padà sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí Baálẹ̀, kí wọ́n foríjì mí nítorí Ìyá Ràfátù. Ọgbọ́n mi ló pa á."

Mo ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà náà tán, ó ku orúkọ ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Bí mo bá kọ tèmi, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ mi á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, orúkọ ta ni kí n kọ?