Taníjàre, Ajá Tó Ń Dúró De Orúkọ Rẹ̀

Alága wa, Olóyè Adéyẹyè, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín, bí orúnkún ò tilẹ̀ jẹ́ kí ó délẹ̀ tán mọ́. Ẹ̀yin àgbà Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì tí ẹ yọ̀ǹda ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ọdẹ ẹyẹ wa ń lò, mo kí yín. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń yìnbọn àti àwa tí a ń ru ìbọn tẹ̀lé yín, mo kí gbogbo wa. Ẹ̀yin àlejò láti Àjàó, ẹ̀yin tí a jọ já ẹrù rí ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ẹ kú àbọ̀. Ẹ̀yin ará ilé mi ní Máfolúkù, tí gbígbó ajá mi kò jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ kí, ṣùgbọ́n ètò ni ètò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Lánàá, alága pe èmi Ògúnjìmí sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé kí n mú Taníjàre dání lọ sílé, kó jẹ́ ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì mi, bí ó bá wù mí. Taníjàre ni ajá dúdú tó jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ Mísbáù, ọmọ iṣẹ́ mi, lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ wò ó. Kò wo ẹran tó wà lórí tábìlì yín, èmi ló ń wò. Wọ́n ní kí n fún àwọn lésì kí a tó túká lónìí. Mi ò tíì fún wọn. Èsì náà ló wà lọ́kàn mi tí mo fi dìde sọ̀rọ̀ yìí, ó sì wúwo.

Ìgbòho ni wọ́n ti bí mi, nílé ọdẹ. Ajá la fi ń bọ Ògún nílé wa, ajá náà la fi ń ṣọdẹ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní a ò mọ èyí tí à ń ṣe. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò máa gba apá ọ̀tún ni mo dé Èkó, mo gba yàrá kan ní Máfolúkù, mo sì ń já ẹrù ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé àpótí onírin kan sọ̀kalẹ̀ láti inú bàálù, mo rí ojú méjì nínú rẹ̀. Ajá òyìnbó ni, ó ń gbó bí ẹni pé yóò fọ́ àpótí. Àwọn ẹgbẹ́ mi sá sẹ́yìn. Èmi lóṣòó tì í, mo bá a sọ̀rọ̀ bí bàbá mi ṣe máa ń bá ajá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì dákẹ́. Mi ò mọ̀ pé alága tó ni ajá dúró lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe di olùkọ́ ajá nìyẹn, tí mo bọ́ sábẹ́ Olóyè Adéyẹyè títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, ọjọ́ mi lòní. Ajá tó ti ọwọ́ mi jáde wà ní Ìkẹjà, wọ́n wà ní Ìbàdàn, wọ́n ti dé Kàdúná. Bí Ògún ẹni bá dáni lójú, à á fi gbárí. Èmi náà fi gbárí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ wa, ẹ gbọ́. Ajá ilé wa a máa lé ẹran, a sì máa pa á. Ti àwọn ajá wọ̀nyí yàtọ̀. Ẹyẹ tí ìbọn ti já lulẹ̀ ni wọ́n ń lọ gbé wá, ì báà bọ́ sínú irà, ì báà bọ́ sáàárín ẹ̀gún, eyín wọn ò sì gbọdọ̀ dá àpá sí i lára. Ṣùgbọ́n lílọ kọ́ niṣẹ́ o. Dídúró niṣẹ́. Ìbọn á dún, ẹyẹ á bọ́, ajá á rí i, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, síbẹ̀ kò ní dìde títí ọ̀gá rẹ̀ á fi pe orúkọ rẹ̀. Èyí tí kò lágbára, kò sí wàhálà láti mú un jókòó. Òkúta náà kúkú ń dúró sójú kan. Èyí tí iná wà nínú rẹ̀, tí ebi iṣẹ́ ń pa bí ebi oúnjẹ, tí a ní kó dúró, tó sì dúró, òun ni mò ń pè ní ajá.

Ọdún Udójì, tí ìjọba bu owó kún owó oṣù, ni ìyá rẹ̀ bí Taníjàre, nínú ilé ajá tiwa níbí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lásìkò náà, Ìyá Àjọkẹ́ tí a jọ ń gbé àgbàlá kan ti ń sọ káàkiri àdúgbò pé ajá mi jí ẹja àwọn gbé. Mi ò bá wọn jà. Mo sọ ọmọ ajá ní Taníjàre, mo ń mú un lọ sílé lálẹ́, mo sì ń fi ohùn òkè pè é láràárọ̀ lẹ́bàá fèrèsé wọn. Ìyá Àjọkẹ́, mo rí yín níbẹ̀ yẹn, ẹ má bojú. Ẹ̀yin lẹ jàre. Ìyá ajá yìí ló gbé ẹja yín.

Ajá náà gbọ́n, ṣùgbọ́n bí ìbọn bá ti dún báyìí, ó ti lọ. Mo fọn fèrè, mo fi okùn dè é, mo bá a wí, mo tún tù ú. Bó bá ku èmi àti òun nínú pápá, á jókòó bí àlejò tó ń retí oúnjẹ. Bí ọjọ́ òde ẹgbẹ́ bá pé, á dójú tì mí. Ó wá di ọjọ́ tí alága gbé àlejò ńlá wá, tí a wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ sínú irà lẹ́yìn Ìsọlọ̀. Alága dìde dúró nínú ọkọ̀, wọ́n yìnbọn, Taníjàre fò, ọkọ̀ sì dojú dé. Inú ẹrẹ̀ la ti fa alága yọ, àti bùbá tuntun, àti gbogbo iyì ọjọ́ náà. Olóyè, ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín lónìí. Lọ́jọ́ náà kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí ajá náà kúrò níbí. Gàfárù, awakọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lọ́rì, sì gbọ́. Ẹ mọ bí lọ́rì tuntun ṣe ń pọ̀ sí i lÓṣòdì, owó epo ń ṣàn, tọmọdé tàgbà ń ra ọkọ̀, ajá sì di ọ̀wọ́n torí Ògún gbọ́dọ̀ jẹ lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gàfárù ní ajá tí ara rẹ̀ ń dán báyìí ni òun ń wá. Wọ́n ti ń gbà fún un. Èmi tí mo ti ń rí ajá lábẹ́ ọ̀bẹ láti kékeré, omi bọ́ lójú mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di òde ẹgbẹ́ tó ń bọ̀; bó bá tún já, èmi fúnra mi ni n ó fà á lé Gàfárù lọ́wọ́. Alága gbà.

Ìyàwó mi, Ìsíátù, tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ó rí i bí mo ṣe ń da oúnjẹ sílẹ̀ tí àwọn ajá ń fi ara wọn lulẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ Fọlákẹ́ ọmọ wa àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ọmọ wa kì í dédé nawọ́ sí ẹran inú àwo. Àgbà á pín in, á pe ọmọ lórúkọ, ọmọ á sì wá gba tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé abọ́ kalẹ̀, tí mo ń pe àwọn ajá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó dàgbà jù kọ́kọ́ jẹ. Taníjàre ló ń jẹ gbẹ̀yìn. Itọ́ á máa kán lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dúró.

Síbẹ̀, ìwà inú pápá ò yí padà. Mísbáù ló rí ìyókù. Ọmọ àáfà ni Mísbáù, ará Ìwó. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí bi í léèrè títí pé kí ló ń wá nídìí itọ́ ajá. Kò bá wọn jiyàn. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, aṣọ ìrun rẹ̀ wà lọ́tọ̀, á fi iyẹ̀pẹ̀ àti omi fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó lọ kírun. Mi ò rí i kó pẹ́ dé ibi ìrun, mi ò sì rí i kó pẹ́ dé ìdí ajá. Òun ló jókòó tì mí lọ́jọ́ kan tó ní, “Bàbá, ajá ò ṣẹ̀, fèrè yín náà ò ṣẹ̀. Ẹnu wa ni. Bí ìbọn bá dún, gbogbo wa là ń kígbe.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé irọ́ ni? Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí ẹran tó ṣubú lójú ọdẹ tí kò ní kígbe? Ní Ìgbòho, ọdẹ tí kò bá ki ajá rẹ̀ nígbà tí ìbọn dún, ahun ni. Bí a ṣe dé Èkó, a kò fi àṣà yẹn sílẹ̀. Alága ń kígbe, àwa tí a ru ìbọn ń kígbe, àlejò tí kò mọ nǹkan kan ń bá wa kígbe, a fi oríyìn ti ajá wọ inú irà tán, a tún wá ń bá a wí pé ó lọ.

Bí mo ṣe di olùkọ́ yín nìyẹn. Ajá kan ni mo rò pé mò ń kọ́, àṣé gbogbo ẹgbẹ́ ni. Mo to yín sí pápá, mo ní kí a yìnbọn sókè, kí ẹnikẹ́ni má fọhùn. Àwọn kan bi mí bóyá ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá. Alága ki fìlà bọ ẹnu. Ó pẹ́ kí ẹ tó gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, mo sì fi yín yangàn.

Nígbà tí òde ẹgbẹ́ pé, Gàfárù dúró létí omi tòun ti okùn lọ́wọ́. Ìbọn dún, pẹ́pẹ́yẹ igbó kan bọ́ sínú omi, ó ń fi ìyẹ́ lu omi. Taníjàre ń gbọ̀n. Ìbọn tún dún, òmíràn bọ́ nítòsí rẹ̀. Ajá àlejò kan já, ó gba iwájú rẹ̀ kọjá. Mo ní ó ti tán. Kò mira. Gbogbo yín dákẹ́, à ń gbọ́ bàálù tó ń balẹ̀ lókèèrè. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i, mo wá pè é wẹ́lẹ́ pé, “Taníjàre.” Ó lọ, ó gbé ẹyẹ, ó padà wá jókòó, ó fi lé mi lọ́wọ́, ẹyẹ náà ṣì ń mí. Ìgbà náà lẹ wá kígbe, ẹ sì kígbe débi tí wọ́n gbọ́ ní Éjìgbò. Gàfárù ká okùn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ògún rí nǹkan mìíràn jẹ, lọ́rì náà ṣì ń rìn títí dòní.

Ẹ máa ń pa á lówe pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èmi ò tíì rí irú ajá bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ mi. Àwọn tí wọ́n sọnù, ariwo ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ fèrè.

Mo mọ̀ pé ẹnu mi mú, àti pé sùúrù tí mo ní fún ajá, mi ò ní in fún èèyàn. Ẹni tí mo bá fi ọ̀rọ̀ gún, kó foríjì mí. Ìsíátù, ìwọ lo jẹ nínú rẹ̀ jù, o ṣeun.

Olóyè, èsì mi nìyí: mi ò mú un lọ. Ẹsẹ̀ mi ò gba igbó mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ni mò ń lọ jókòó sí ní Ìgbòho. Ajá tí iná wà nínú rẹ̀ tó báyìí, kí n wá sọ ọ́ di ẹni tí ń lé adìẹ káàkiri àgbàlá? Mo fẹ́ràn rẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí, ẹni tó máa pe orúkọ rẹ̀ náà wà níbí. Mísbáù, ìwọ ni.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ. Àṣà wa ni pé bí àgbà bá ń lọ, à á kì í, à á pariwo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún mi. Bí ẹ bá kígbe, Taníjàre á bá mi lọ. Ọkọ̀ mi ti wà lẹ́nu géètì. N ó rìn lọ, mi ò ní wẹ̀yìn, torí bí mo bá wẹ̀yìn, èmi gan-an ni mi ò ní lè dúró. Mísbáù, má pè é títí o ò fi ní gbúròó ọkọ̀ mọ́. Ìgbà náà ni kó o pè é, jẹ́jẹ́, kó wá sọ́dọ̀ rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n súre fún yín, kí ẹ sì fi inú ṣe àmín rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ò ní tú. Ìbọn yín ò ní ba èèyàn. Owó tó ń wọ ìlú yìí, ọmọ wa á jẹ níbẹ̀, ọmọ ọmọ wa á jẹ níbẹ̀. Ẹni tí mo fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ á ṣe é ju èmi lọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbúròó ara wa ní búburú.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má dá mi lóhùn.