Páàn Tí Mo Fún Dídì Jẹ

Piyali, fi àpótí yẹn sílẹ̀ ná, ti ilẹ̀kùn, kí o wá jókòó tì mí níbí. Má pe Arko. Ọkọ rẹ máa gbọ́ tirẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n ìwọ ìyàwó ọmọ mi ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́. Èmi Bibhabati ni mo pa ìyáálé mi. Má fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀dọ̀fóró mi ò gba ariwo mọ́, mi ò sì ní èémí tí mo lè fi ṣòfò, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lé ní ogún ọdún dáadáa. Òní ni òtítọ́ bá a.

Ṣé o rí àwòrán obìnrin tó wà lókè ilẹ̀kùn ìdáná, èyí tí mo máa ń fi òdòdó kọ́ lọ́rùn láràárọ̀? Nirjharini lorúkọ rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Dídì ni mo máa ń pè é, Boudi ni ọkọ mi ń pè é. Nígbà tó wọ ilé yìí, ọkọ mi ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, ìyá wọn sì ti kú. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí iléèwé. Kò bímọ tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú ní kékeré, láti ọjọ́ náà ló ti ń wọ aṣọ funfun, ó fi ẹja sílẹ̀, ó sì fi páàn jíjẹ sílẹ̀, torí ewé yẹn máa ń pọ́n ètè, pupa kì í sì í ṣe ti opó. Bẹ́ẹ̀ obìnrin tó fẹ́ràn páàn ni o. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. Ohun tó kù fún un ò ju ìdáná abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn lọ, tí kò ní fèrèsé, tó ti ń fi èédú dáná fún odidi agbo ilé kí gáàsì tó dé. Èéfín yẹn ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Àwa la jẹ ìrẹsì, òun ló jẹ èéfín.

Ọkọ mi ò lè lọ síbi kankan láìsí i. Nínú ìlú Kolkata yìí, tí gbogbo ayé ń kó ẹrù jáde bí ọdún Pújà bá ti dé, ibi tí àwa lọ rí ò ju Puri lọ, létí òkun, lórí ọkọ̀ ojú irin, a ó sì tètè padà. Mo ti wo òkun Puri títí ojú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di iyọ̀. Bí mo bá ní, “Bàbá Arko, ẹ jẹ́ ká lọ wo òkè lẹ́ẹ̀kan,” yóò ní, “Boudi ńkọ́? Ta ló máa bá a gbé omi gbígbóná?” Ìyàwó Ghosh tó wà ní òdìkejì wa máa ń fi mí ṣẹ̀sín láti orí òrùlé wọn: “Ìyá Arko, ṣé inú ilé yín ni òkè Himalaya wà ni, tẹ́ ẹ kì í fi í jáde?” N ó rẹ́rìn-ín. Inú mi á máa hó. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri yàrá wa tí òkè Ladakh wà lórí rẹ̀. Ọdún rẹ̀ ti lọ tipẹ́, mi ò yọ ọ́. Mo máa ń dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà, tí mo bá sì ń gbọ́ ikọ́ Dídì láti yàrá kejì, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé, ṣé ikọ́ yìí ni mo fẹ́ ni àbí ọkùnrin? Kí òrìṣà wa Ìyá Durga dárí jì mí. Ẹni tó bọ́ ọkọ mi dàgbà ni mo ń pè ní ikọ́.

Ọdún tí Arko pé mẹ́wàá, ọkọ mi rọ̀ díẹ̀. Ó ní, “Bí dókítà bá ti ní Boudi lè wọ bàálù, gbogbo wa la jọ ń lọ.” Èmi ni mo mú Dídì lọ. Dókítà ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá kan, ó gbọ́ àyà rẹ̀ níwá, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó ní kó lọ sẹ́yìn aṣọ títa lọ tún bùbá rẹ̀ wọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ fún mi. Ó ní, “Màdáàmù, Ladakh kẹ̀? Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò tó ẹni tí àyà rẹ̀ pé, ká má tí ì sọ ti ìyá yìí. Nínú bàálù pàápàá, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́lẹ́. Bó bá pọn dandan kó wọ̀ ọ́, kó jẹ́ ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún ilé iṣẹ́ bàálù ṣáájú kí wọ́n pèsè ọ́síjìn dè é. Ẹ máa wo ètè rẹ̀. Tó bá ti ń dúdú bí aró, ẹ má gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni, ọ́síjìn lẹ máa wá.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tiẹ̀ tẹríba.

Nígbà tí ọkọ mi dé nírọ̀lẹ́, kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, “Kí ni dókítà wí?” Mo ní, “Ó ní kó lọ gba afẹ́fẹ́ ibòmíràn. Ó ní ìyẹn gan-an ni oògùn rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ tán. O mọ̀ wá, Piyali, o mọ àwa Bengali. Bí mo bá ní dókítà sọ pé kó máa jó, wọn ì bá bi mí léèrè bó ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibòmíràn! Inú ń run bàbá àgbà, ẹ gbé e lọ gba afẹ́fẹ́. Ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹ mú un lọ gba afẹ́fẹ́. Ìyàwó ń sunkún láìnídìí, afẹ́fẹ́ náà ni. Bàbá wa gbà á gbọ́, bàbá bàbá wa gbà á gbọ́, irọ́ mi sì bá ìjókòó tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ dè é, ó jókòó. Dídì wà nílẹ̀ tó ń gé ọ̀dùnkún. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó ní, “Ó dáa. Tí dókítà bá ti wí bẹ́ẹ̀.” Ó tún ń gé ọ̀dùnkún rẹ̀ lọ. Mo rò pé mo ti gbọ́n.

Mo fẹ́ kó o fetí sí èyí dáadáa. Tó bá jẹ́ irọ́ yẹn nìkan ni, bóyá ǹ bá ti rí nǹkan fi tan ara mi jẹ, kí n ní mi ò mọ̀ pé yóò le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta páàn ní orígun òpópónà wa, mo ní kó ká mélòó kan fún mi, kó fi ẹfun sí i dáadáa, kó pọ́n dáadáa. Mo fi aṣọ tútù wé e, mo tì í sísàlẹ̀ báàgì mi. Èmi kì í jẹ páàn. O ti mọ ẹni tí mo rà á fún, o sì ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi bò.

Láti Kolkata dé Delhi, Dídì ń mí bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn. Ní Delhi, a jókòó de bàálù tó ń lọ sí Leh ní Ladakh, mo wò ó lẹ́nu, aró ti ń wọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òṣìṣẹ́ bàálù kan sì ń rìn kiri láàárín àwọn arúgbó, ó ń bi wọ́n bóyá ara wọn dá, torí pé òkè ni a ń lọ. Ọkọ mi ti mú Arko lọ ra omi. Mo yọ páàn jáde. “Dídì, ẹ jẹ eléyìí, kí èébì má bàa gbé yín.”

“Páàn kẹ̀, Ìyàwó Kékeré? Èmi opó?”

“Ta ló mọ̀ yín níbí?”

Ó mú un dání, ó ń wò ó, bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ tó ti kú. Lẹ́yìn náà ó jù ú sẹ́nu. Ètè rẹ̀ pọ́n wẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èémí rẹ̀ ò sì tó ẹ̀rín náà. Ó ní, “O ti sọ mí di ìyàwó tuntun.” Òṣìṣẹ́ yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, ó rí ẹnu pupa, ó rí ẹ̀rín, ó kọjá. Nígbà tí ọkọ mi padà dé, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Boudi! Ẹnu yín! Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni mi ò ti rí ẹnu yín báyìí!” Omijé bọ́ lójú ọkùnrin náà. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé o rí i? Afẹ́fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́!”

Nínú bàálù, òun àti Arko wà níwájú, èmi àti Dídì wà lẹ́yìn. Mo ti fi ìborùn wé e títí dé àgbọ̀n, mo ti fún un ní páàn kejì. Nígbà tí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. “Ìyàwó Kékeré. Àyà mi.” Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò sáré wá. “Ṣé kò sí o? Ṣé kí n gbé ọ́síjìn wá fún ìyá?” Ó wà níbẹ̀, Piyali. Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ló wà sáàárín wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọ́síjìn, ọkọ mi á dìde, á bi mí ní ìbéèrè, àṣírí á tú, wọ́n á dá wa padà ní Leh lọ́jọ́ yẹn gan-an, mi ò sì ní rí òkè mi. Mo ní, “Rárá o, ọmọ mi. Ẹ̀rù bàálù ló ń bà á. Kò wọ̀ ọ́ rí kó tó di òní.” Ó wo ẹnu Dídì, ó rí pupa. Ó fún wa ní súìtì, ó lọ. Ọwọ́ Dídì ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Mo ní, “Ẹ mú un mọ́ra, a ti dé tán.” Mo sì yíjú sí fèrèsé. Òkè funfun gbalẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, ó dára ju ti kàlẹ́ńdà lọ. Èyí ni mi ò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè rí: mo gbádùn rẹ̀. Ó ń mí pẹ́pẹ́pẹ́ létí mi, mo sì ń gbádùn rẹ̀.

Wọ́n gbé e láti pápá bàálù lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi òwú tútù nu ẹnu rẹ̀, pupa bá òwú lọ, aró tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì hàn síta. Ọkọ mi wò ó, ó wò mí. “Kí ni dókítà sọ fún ọ gan-an?” Kí n tó la ẹnu, Dídì fọwọ́ yọ ìbòmú ọ́síjìn tí wọ́n fi bò ó nímú. “Má bi í. Dókítà ní kí n má wá. Ìyàwó Kékeré bẹ̀ mí, ó sunkún. Èmi ni mo ní bó bá sọ fún ọ, mi ò ní jẹun nílé yẹn mọ́.” Ọkọ mi wó lulẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Nígbà tó jáde lọ wá dókítà, mo dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀ Dídì. Ó ní, “Aṣọ títa kì í ṣe ògiri. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.” Mo ní, “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá?” Ó ní, “Mo ń rí ọ níwájú kàlẹ́ńdà yẹn. Ó ti sú mi kí n máa jẹ́ òkúta lẹ́sẹ̀ yín.” Ó ní, “Páàn yẹn sì dùn.” Kò rí àárọ̀ ọjọ́ kejì.

O rò pé ó ṣe mí lóore? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ń ṣe ètò òkú rẹ̀, ọkọ mi ń sọ fún gbogbo ẹbí pé, “Ìyàwó mi nìkan ló gbìyànjú láti dá a dúró.” Wọ́n ń fi mí bú àwọn ìyàwó ilé yòókù: ẹ wo Bibhabati, ẹ wo bó ṣe fẹ́ràn ìyáálé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi fẹ́ kú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n dárí ji òun tí òun ò fi bi mí dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni ó ń bẹ̀! Mo ní mo ti dárí jì í. Orí irọ́ ni mo ti sìn ín lọ. Dídì bo àṣírí mi, mo sì ti jẹrà sínú ìbòrí náà.

Ní báyìí àyà tèmi náà ti ń ṣe bíi tirẹ̀. Arko ní kí gbogbo wa lọ sí òkè Kashmir ní Pújà, ó ní òun ò ní lọ láìsí Ìyá. Ìwọ lo mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èmi náà wà lẹ́yìn aṣọ títa, etí mi ló ti di, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, tí Arko ò tíì bọ́ bàtà, o ní, “Dókítà ní kí Ìyá lọ gba afẹ́fẹ́ ibòmíràn.” Ojú lọ̀rọ̀ wà, Piyali. Mo mọ ojú yẹn, torí èmi ni mo ni ín.

Bó bá jẹ́ òótọ́ lo sọ, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, arúgbó ló ń ṣe mí. Mo ti rí àwòrán òkè tó o gbé sí iwájú fóònù rẹ, mi ò bá ọ jà sí i, mo mọ bó ṣe ń gbóná lára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irọ́ ni, mi ò ní bò ọ́. Gbọ́ mi dáadáa. Bí mo bá ń kú lọ lókè yẹn, n ó yọ ohun tí wọ́n bá fi bò mí nímú, n ó sì sọ ọ́ lójú ọkọ rẹ. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ. Dídì ló fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ tó fi bò mí, wo ohun tó sọ mí dà. Mi ò ní fẹ́ràn rẹ bẹ́ẹ̀.

Má sunkún. Gbójú sókè, kó o wò mí. Kí ni dókítà sọ?