Ìṣó Tí Bọ́lárìnwá Kàn Mọ́ Igi Àga Ìwàásù

Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú Bọ́lárìnwá láti ìgbà òjò gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé yẹn, ojú ì báà tì í tán. Lẹ́yìn àdúrà tí wọ́n máa ń gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà Màmá Julianah n'Iléṣà, ó dìde láti jẹ́rìí. Gbogbo wọn rò pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un l'Óṣogbo, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, ló fẹ́ dúpẹ́ lé lórí. Ó nawọ́ sí Ìwàlẹwà, ọmọbìnrin tí òun fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ bẹ̀ pé kó wá láti Ìdó-Ọ̀ṣun láìsọ ìdí fún un. Ó ní, "Ọmọ yìí kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀."

Nígbà òjò náà, Ìwàlẹwà ló ń darí ẹ̀rọ tó ń fi kọ̀ǹpútà gbẹ́ igi ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Tábìlì ẹ̀rọ náà kì í lo ìṣó. Wọ́n á to rọ́bà sábẹ́ etí igi, pọ́ńpù á fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ tán, igi á sì lẹ̀ mọ́ tábìlì pinpin. Bọ́lárìnwá, tó ti ń kan igi kí wọ́n tó bí ọmọ náà, kò gbà. Afẹ́fẹ́ tó ń ṣí fìlà lórí èèyàn ni wọ́n fẹ́ fi di ìrókò mú? Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà tí ìjọ kan gbé iṣẹ́ àga ìwàásù fún wọn ni ẹ̀rín di ẹ̀rù pé igi náà á fò kúrò lórí tábìlì. Ìwàlẹwà to igi tirẹ̀ tán, ó jáde lọ mumi. Bọ́lárìnwá yọ́ dé ibẹ̀, ó kan ìṣó mọ́ igi náà létí, ó lu orí wọn wọlé, ó fi ìyẹ̀fun igi bò wọ́n. Ó ní ìfẹ́ iṣẹ́ ló sún òun ṣe é, ó sì yára fi kún un pé àwáwí nìyẹn, ìgbéraga ni. Nígbà tí irin tó ń gbẹ́gi yípo dé etí, ó kọlu ìṣó, ó kán, igi sì là. Bọ́lárìnwá ló kọ́kọ́ sáré débẹ̀, kì í ṣe láti ranni lọ́wọ́ o. Ó fa àwọn ìṣó rẹ̀ yọ, ó kó wọn sápò.

Ó ní èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí Màmá Julianah bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wo ojú ìyá náà, ó ní Ìwàlẹwà kò to rọ́bà dáadáa. Ọmọ náà sunkún, ó búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e. Ọmọ yìí kan náà ló gbé ògì wá bá a ní ọsibítù, tó ń bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ tó lè bí lọ́mọ, ó ní kó dárí ji òun. Ìwàlẹwà sáré gbé e dìde. Omi bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ló ń rín. "Mo ti dárí jì yín, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ wá ti igi tí afẹ́fẹ́ dì mú wò."

Màmá Julianah náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì ní kó gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ìwàlẹwà to rọ́bà, ó gbé ìrókò mìíràn lé e, ó tan pọ́ńpù. Bọ́lárìnwá fọwọ́ méjèèjì ti igi náà, ó fèjìká tì í, ó làágùn. Igi kò mira. Akeem, alágbára inú wọn, bá a tì í, pàbó ló já sí. Ṣọ́ọ̀bù gba ariwo ayọ̀, inú Bọ́lárìnwá sì dùn ju ti gbogbo wọn lọ, àfi bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ó kọjú sí àwọn ọmọṣẹ́, ó ní ohun tí kò bá yé wọn, kí wọ́n bi ẹni tó mọ̀ ọ́n, bó kéré bó dàgbà. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó jókòó, ó gbójú sókè wo Ìwàlẹwà.

"Ọ̀gá mi," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."